Wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì gba ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ là: kí ló dé tí ìtọ́jú náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa?

Ìyá kan tó jẹ́ tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Oṣù tó kọjá la sin àbúrò mi ọkùnrin. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, a rò pé ibà pọ́njú lásán ni, a fún un ní àgbo. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń sọ ìsọkúsọ, kò dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní èrìgì rẹ̀. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní hẹpatáítìsì B ló ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọmọ mi fi fídíò kan hàn mí pé wọ́n ti fi stem cell wo ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ sàn ní China. Ẹnì kan tún wà lórí WhatsApp tó ń ta kápúsù stem cell fún ẹ̀dọ̀. Ṣé òótọ́ ni ti ẹlẹ́dẹ̀ yẹn? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí kò sí fún àbúrò mi? Ṣé kí a ra kápúsù náà fún ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ?”

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, mà. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere, á sì bá yín wo àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó kánjú kúrò nílẹ̀: ẹ má ra kápúsù yẹn. Ohun abẹ̀mí ni sẹ́ẹ̀lì, hóró tín-tìn-tín tí a fi mọ ara wa; stem cell sì ni irú rẹ̀ tó ṣì lè di sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Bí a bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà pípẹ́, inú naitirójìn olómi la ń fi í sí, níbi tí òtútù ti tó ìwọ̀n 196 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí a bá ti yọ ọ́ síta, wákàtí díẹ̀ ló kù fún un. Kápúsù tó ti wà lórí káńtà láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé láti Adó wá sí Ìkẹ́rẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán, kò lè ní sẹ́ẹ̀lì alààyè kankan nínú. Ká tiẹ̀ ní ó ní, omi kíkan inú ikùn ló máa kọ́kọ́ pa á. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé a kò mọ nǹkan tí wọ́n dì sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń gba ohun gbogbo tí a bá gbé mì kọjá. Ilé tí àrùn ẹ̀dọ̀ ti mú ẹnì kan lọ ni wọ́n tún fẹ́ tà á fún.

Ti ẹlẹ́dẹ̀, òótọ́ ni. Ọdún 2012 ni iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Gut, àwọn onímọ̀ ní Hangzhou ló ṣe é. Wọ́n fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ní D-galactosamine, májèlé kan tí í dá iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ dúró tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan ibòmíràn. Ẹlẹ́dẹ̀ 15 tí wọn kò fún ní sẹ́ẹ̀lì ló kú tán láàárín wákàtí 96. Wọ́n fún 15 mìíràn ní sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti inú mùdùnmúdùn egungun ènìyàn, wọ́n sì gba portal vein fi í wọlé, ìyẹn iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ìfun lọ sínú ẹ̀dọ̀. Nínú àwọn wọ̀nyí, 13 wà láàyè kọjá oṣù mẹ́fà. Mi ò ní bù ú kù fún yín rárá. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ eku ni mò ń ṣe ní láàbù ní Adó, mo sì mọ bó ti ṣòro tó láti rí irú èsì bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kẹta wà tí fídíò kì í sábà mẹ́nu kàn. Ẹlẹ́dẹ̀ 15 yìí náà gba sẹ́ẹ̀lì kan náà, àmọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó jìnnà sí ẹ̀dọ̀ ni wọ́n gbà fi í sí wọn lára. Gbogbo wọn ló kú. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tóbi ju ihò àwọn iṣan tín-tìn-tín inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, nítorí náà bó bá gba iṣan apá wọlé, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń há sí. Ẹni tó bá ń polówó abẹ́rẹ́ stem cell fún ẹ̀dọ̀, tó ní apá ni òun máa fún un sí, ẹ rántí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ 15 yẹn.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè tó ń dùn yín lọ́kàn wà. Bí májèlé ti wọlé ni wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e. Ojú ẹlẹ́dẹ̀ kò tíì pọ́n, ọpọlọ rẹ̀ kò tíì dàrú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dì. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí mọ wákàtí tí ìyọnu náà bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló mọ ọjọ́ tí ti àbúrò yín bẹ̀rẹ̀? Nígbà tí ojú rẹ̀ fi máa pọ́n, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń kú láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí kò bá dá ọmọ mọ̀ mọ́, omi ti pọ̀ ju ọkọ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tí ẹ rí lára rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe àwọn èròjà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde ní èrìgì nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń mú amóníà, ìdọ̀tí tí oúnjẹ amúaradàgbà ń fi sílẹ̀, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é mọ́, ìdọ̀tí náà á gba ọ̀dọ̀ ọpọlọ lọ, ọpọlọ á wú, ìsọkúsọ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ náà ló ń tọ́jú ṣúgà tí ara ń lò nígbà tí a kò bá tíì jẹun, nítorí náà ṣúgà aláìsàn lè já wálẹ̀ lójijì ní òru. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dì dáadáa mọ́, tí iyè aláìsàn sì ti ń ra, kí ọ̀sẹ̀ 26 tó pé lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí a kò mọ̀ mọ́ àrùn ẹ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀, acute liver failure ni àwọn dókítà ń pè é. Ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Òyìnbó, paracetamol àlòjù ló ń fà á jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Éṣíà, kòkòrò hẹpatáítìsì ló wà níwájú.

Kò sí ẹ̀yà ara mìíràn nínú wa tó ń hù padà tó ẹ̀dọ̀. Ní 1931, Higgins àti Anderson gé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ eku kúrò. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ìwọ̀n ẹ̀dọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì kì í sábà kú torí pé ẹ̀dọ̀ kò lè hù mọ́. Àkókò ni kò tó. Ọpọlọ wú, ẹ̀jẹ̀ dà, àrùn mìíràn wọlé, kí ẹ̀dọ̀ tó ráyè bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí à ń ṣe lára ẹran nípa ìtọ́jú onísẹ́ẹ̀lì, àkókò yẹn la fi ń wá: kí nǹkan kan bá ẹ̀dọ̀ di iṣẹ́ náà mú fún ọjọ́ mélòó kan.

Ọ̀nà tó ti pẹ́ jù ni pé ká fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gan-an ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Ní 1969, Berry àti Friend gbé ọ̀nà tí a fi ń tú ẹ̀dọ̀ eku sí sẹ́ẹ̀lì ẹyọ ẹyọ jáde, títí di òní la ṣì ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí, torí ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń mọ bí nǹkan náà ti jẹ́ ẹlẹgẹ́ tó. Eku ti sùn lábẹ́ oògùn, kò ní jí mọ́. A ó ti rọ́bà tín-ínrín kan bọ portal vein rẹ̀, a ó wá jẹ́ kí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n 37, tí kò ní kálísíọ̀mù nínú, máa ṣàn gba inú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó pupa dúdú tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lójú ẹni bí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde nínú rẹ̀. A ó yí i sí omi tó ní collagenase, èròjà tó ń tú ohun tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀dọ̀ á fi rọ̀. Bí ènìyàn bá fi ìka kàn án, ojú ìka á dúró síbẹ̀. A ó gbé e sínú abọ́ tútù, a ó ya awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó, a ó rọra mì í, sẹ́ẹ̀lì á sì máa tú jáde títí omi á fi di rúrú. A ó sẹ́ ẹ, a ó fi ẹ̀rọ yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó wúwo rì sísàlẹ̀. Níkẹyìn a ó kán aró trypan blue sí díẹ̀ lára rẹ̀, a ó sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù. Òkú sẹ́ẹ̀lì á mu aró, alààyè á mọ́ gaara. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí omi náà sì tutù, aró ló máa kún ojú gíláàsì, eku yẹn sì ti kú lásán. Èyí máa ń dùn mí púpọ̀.

Ní 1976, àwọn onímọ̀ ní Minnesota fi irú sẹ́ẹ̀lì báyìí sára eku Gunn, eku tí a bí pẹ̀lú àbùkù tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè mú bilirubin kúrò, èròjà tó ń jẹ́ kí ojú pọ́n. Bilirubin náà sì dínkù. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ eku tí májèlé ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, tí àwọn tó gba sẹ́ẹ̀lì sì ń yè ju àwọn tí kò gbà lọ. Láti ìgbà náà, a ti fi í sínú spleen (ẹ̀yà ara kan tó wà lápá òsì inú ikùn), sínú portal vein, sí gbangba ikùn. Níbo ni wàhálà wá wà? Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn ju bílíọ̀nù 100 lọ, nítorí náà kódà ìdá kékeré nínú wọn ti jẹ́ ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù. Ẹ̀dọ̀ olóògbé tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ìpààrọ̀ ni wọ́n ti sábà ń rí wọn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dára. Bí a bá fi wọ́n sínú òtútù, púpọ̀ nínú wọn kì í jí. Bí a bá dà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sínú portal vein, wọ́n lè dí i. Ara ẹni tó gbà wọ́n á sì tún fẹ́ pa wọ́n, àfi kó máa lo oògùn tó ń dẹ agbára ìjà ara sílẹ̀, èyí tí kò dára fún ẹni tí àrùn ti ń wá ọ̀nà wọ ara rẹ̀.

Wọ́n ti ń wá ọgbọ́n sí ìyẹn. Ní King's College Hospital ní London, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn sínú hóró kéékèèké alginate, ohun tí wọ́n ń rí lára ewé òkun, tó ń jẹ́ kí oúnjẹ àti ìdọ̀tí ráyè kọjá ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí àwọn jagunjagun ara dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dán an wò lára eku, wọ́n fi í sí gbangba ikùn àwọn ọmọdé 8 tí ẹ̀dọ̀ wọn dáṣẹ́ sílẹ̀. Èsì náà jáde ní 2020, 4 nínú wọn kò sì nílò ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ mọ́. Ọmọ 8 kéré. Kò sì sí àwọn mìíràn tí wọn kò fún, tí a lè fi wọ́n wé. Síbẹ̀, inú mi dùn nígbà tí mo kà á.

Ti mùdùnmúdùn egungun tí ẹ rí nínú fídíò yàtọ̀. Àwọn ará Hangzhou ní àwọn rí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó ti di sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan kò lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe la ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ já. Ní Boston ní 2007, àwọn kan fi omi tí irú sẹ́ẹ̀lì yìí ti gbé nínú rẹ̀, láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú omi náà, tọ́jú eku tí D-galactosamine ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, àwọn tó yè sì pọ̀ sí i. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà ń tú jáde ló ṣiṣẹ́. Ẹ wo bí a ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀ lóko: àwọn tó wá kì í di iṣu. Wọ́n á bá olóko ro koríko, wọ́n á gbé ebè ró, wọ́n á padà sílé wọn, iṣu olóko fúnra rẹ̀ ló máa ta. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣì ní sẹ́ẹ̀lì tó lè hù, ọ̀wẹ̀ wúlò. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti kú tán, ọ̀wẹ̀ kò rí nǹkan ṣe.

Òmíràn nínú wọn ni ti onímọ̀ kan, Yamanaka, ní Japan, tó fi hàn ní 2006 lára èkúté, àti ní 2007 lára ènìyàn, pé a lè mú sẹ́ẹ̀lì awọ ara padà sí ipò tó ti lè di sẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí. Ní 2013, Takebe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yokohama fi irú rẹ̀ dá èèhù ẹ̀dọ̀ kékeré, wọ́n lọ́ ọ sára èkúté, èkúté tí ẹ̀dọ̀ wọn ti ń kú sì yè sí i. Ìbẹ̀rù tó wà nínú tiwọn ni pé sẹ́ẹ̀lì tí kò bá yí tán lè di kókó jẹjẹrẹ. Ní Edinburgh ní tiwọn, macrophage ni wọ́n lò, sẹ́ẹ̀lì ara tó ń gbá òkú sẹ́ẹ̀lì jẹ. Wọ́n fún èkúté ní in lẹ́yìn tí paracetamol ti ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀ léṣe, ìpalára ẹ̀dọ̀ náà sì dínkù. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí pé wọ́n jẹ́ kí àìsàn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, bó ṣe ń rí fún ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹran wọ̀nyí. Èkúté tí a fún ní paracetamol lẹ́yìn tí kò jẹun mọ́jú, nǹkan bí miligíráàmù 300 fún kílò kan ìwọ̀n ara rẹ̀, á ká jọ sí igun àgò kó tó di ọjọ́ kejì, irun rẹ̀ á dìde, etí rẹ̀ á tutù. Ìyà ni. A kì í dúró kó fi ara rẹ̀ kú. Bó bá ti dé ibi tí a ti fi ẹnu kò sí, a ó mú un sùn láìjí. Láti 1959 ni Russell àti Burch ti kọ́ wa pé bí a bá lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò ẹran, ká rọ́pò rẹ̀. Bí a bá lè dín iye wọn kù, ká dín in kù. Ká sì dín ìrora wọn kù. Mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jálajàla, tí kò sí ẹni tó lè gbára lé èsì rẹ̀, ó ti fi ìyà jẹ ẹran lásán. Bí èkúté yẹn bá sì la wákàtí 48 sí 72 já, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti máa bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní sẹ́ẹ̀lì òun ló wò ó sàn gbọ́dọ̀ fi àwọn tí kò gba sẹ́ẹ̀lì hàn wá ná.

Ìdí mìíràn tí a fi ń ṣọ́ra ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ HepatAssist. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á máa fa omi ara ẹ̀jẹ̀ aláìsàn gba inú ẹ̀rọ náà kọjá, á sì padà sára rẹ̀. Ó ṣe dáadáa lára ẹran. Wọ́n wá dán an wò lára ènìyàn 171 ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, èsì náà sì jáde ní 2004. Nígbà tí ọjọ́ 30 pé, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ló wà láàyè, àwọn tí kò lò ó jẹ́ ìdá 62. Ìyàtọ̀ náà kò tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á káàkiri lórí èsì ti ẹran nìkan, owó ńlá ni àwọn ẹbí ìbá ti ná sórí ohun tí kò tíì dájú.

Nítorí náà, mà, kò sí ìtọ́jú onísẹ́ẹ̀lì kankan tí ẹnikẹ́ni fi pamọ́ fún àbúrò yín. Ẹ má sì fi àgbo yẹn dá ara yín lẹ́bi. Kòkòrò ni wọ́n bá lára rẹ̀, ìfẹ́ lẹ sì fi fún un. Fún ọjọ́ iwájú, ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ dá àgbo, ọtí àti paracetamol dúró, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ní Adó tàbí ní Ìdó. Bó bá ti ń sùn lọ́sàn-án tó wá ń ṣọ́nà lóru, tàbí tó ń dáhùn ohun tí a kò bi í, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Bó bá jẹ́ pé paracetamol ló lò jù, tó ju gíráàmù 4 lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà, ìyẹn ju oníhóró miligíráàmù 500 mẹ́jọ lọ, oògùn tó ń jẹ́ N-acetylcysteine wà. Láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́ ló lágbára jù, ẹ má sì dúró títí ojú á fi pọ́n.

Ó ku ti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ kó gbogbo wọn lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ HBsAg, èyí tó ń fi hàn bóyá kòkòrò hẹpatáítìsì B wà lára ẹni, kí ẹ̀yin náà ṣe é. Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018 fi hàn pé ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló ní kòkòrò náà lára, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀. Kì í ràn nípa jíjẹ iyán nínú abọ́ kan náà tàbí dídì mọ́ ara ẹni, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má yàgò fún opó yẹn. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ ìfárí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ìgbà ìbímọ ló ń gbà ràn. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta: ọ̀kan lọ́jọ́ náà, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ẹni tó bá ní in, kó má bẹ̀rù, dókítà á yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, á sì sọ bóyá ó ti tó kó bẹ̀rẹ̀ oògùn bíi tenofovir. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ hẹpatáítìsì B ti wà lára èyí tí ìjọba ń fún ọmọ ọwọ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ náà ti gbà á, ẹ bá wọn wá káàdì wọn dání. Bí opó náà bá sì wà nínú oyún, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, torí pé láàárín wákàtí 24 tí ó bá bímọ ló yẹ kí ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀.